Ayọ̀délé Awójọbí

Ayọ̀délé Olúwatùmínínú Awójọbí (12 oṣù Kẹta ọdún 1937 – 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1984) jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ ará ìlú, ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì ìlú Èkó. Lára ohun tí a fi ń rántí rẹ̀ jù lọ ni bí ó ṣe ń mú ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ ti ṣe parí, tí yóò sì tún un tò títí tí yóò fi máa ṣe ohun tí àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe é kò fi sí i.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́

Òṣòdì ní Èkó ni a bí Awójọbí sí. Bàbá rẹ̀, Olóyè Daniel Adékọ̀yà Awójọbí, jẹ́ ọ̀gá ibùdókọ̀ rélùwéè. Ọmọ Ìkòròdú ni, ìlú tí ó bá ilẹ̀ Rẹ́mọ pààlà, tí ọ̀nà rẹ̀ gba Ṣàgámù lọ sí Ìpẹru. Ìyá rẹ̀, Comfort Bámidélé, jẹ́ oníṣòwò láti Modákẹ́kẹ́.

Ó kàwé ní CMS Grammar School, Èkó, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ ní Macbeth nítorí ipa tí ó kó nínú eré onítàn náà. Ó jáde ní ọdún 1955. Lẹ́yìn tí ó lọ sí Nigerian College of Arts, Science and Technology ní Ìbàdàn, ó tẹ̀síwájú ní ẹ̀ka rẹ̀ ní Zaria, ó sì gba oyè Yunifásítì London nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ipò kìíní ní ọdún 1962. Ìjọba àpapọ̀ fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí Imperial College, London, ó sì di ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní ọdún 1966.

Iṣẹ́ ìwádìí

Ìwádìí rẹ̀ dá lórí bí ohun tí ó wúwo ṣe ń gbọ̀n lórí ilẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá tí a gbé ka orí ìpìlẹ̀ kì í dá gbọ̀n. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ń bá a gbọ̀n. Bí ìṣirò bá kùnà, ìpìlẹ̀ lè sán, irin tí ẹ̀rọ náà sì ń gé kò ní rí bí ó ti yẹ. Òun àti Peter Grootenhuis gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1965 nínú ìwé ẹgbẹ́ Royal Society ti London. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe ìṣirò ti ilẹ̀ tí ó ń le sí i bí a bá ṣe ń walẹ̀ jìn sí i.

Ní ọdún 1974, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 37, Imperial College fún un ní oyè Doctor of Science, oyè tí kì í sábà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè náà níbẹ̀ nínú ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Èkó.

Àtúntò ọkọ̀

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà yí ìrìn ọkọ̀ kúrò ní apá òsì ọ̀nà sí apá ọ̀tún. Ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún wá di ìnira, nítorí awakọ̀ tí ó fẹ́ ya ẹlòmíràn sílẹ̀ kò lè rí iwájú dáadáa. Awójọbí yí sítíárìn Opel Olympia Rekord tirẹ̀ sí ọwọ́ òsì. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ju gbígbé sítíárìn lásán lọ: àwọn ọ̀pá tí ń yí táyà, bíréèkì, kílọ́ọ̀ṣì àti wáyà gbogbo ni yóò bá a ṣípò.

Èyí tí ó le jù ni ti ọkọ̀ jíìpù irú ti ológun. Jíìpù a máa ní jíà mẹ́rin fún iwájú, ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré fún ẹ̀yìn, tí kì í sì í sáré. Awakọ̀ tí ewu bá ká mọ́ ojú ọ̀nà tóóró kò lè yí padà, kò sì lè fi ẹ̀yìn sá. Awójọbí fi sítíárìn kejì sí ẹ̀yìn jíìpù náà, ó sì tún ẹ̀rọ rẹ̀ tò tí jíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń ṣiṣẹ́ síwájú àti sẹ́yìn. Ó pè é ní Autonov 1.

Ọkọ̀ ológun onísítíárìn méjì ti wà ṣáájú, nítorí ilé iṣẹ́ Panhard ti ilẹ̀ Faransé ti ṣe irú rẹ̀ kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìpìlẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ tiwọn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó ti wà nílẹ̀ ni Awójọbí lò. Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ ní MIT, Amẹ́ríkà, gbà ní ọdún 1952, nígbà tí wọ́n mú ẹ̀rọ agérin Cincinnati Hydro-Tel kan, tí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ mìíràn tí ń ka tẹ́ẹ̀pù oníhò, tí irin fi ń gé láìsí ọwọ́ òṣìṣẹ́ lórí rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀rọ agérin oníkọ̀ǹpútà ti bẹ̀rẹ̀. Ti MIT di ọjà káàkiri ayé. Autonov 1 kò rí ilé iṣẹ́ tí yóò ṣe é lọ́pọ̀.

Òṣèlú àti ikú

Awójọbí sọ̀rọ̀ gbangba sí ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari, ó sì lọ sí ilé ẹjọ́ lórí èsì ìdìbò, láìjàre. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n nílé ẹ̀kọ́ mọ̀ ọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí ó ti ń darí ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn. Ó kú ní ẹni ọdún 47. Ère rẹ̀ wà ní oríta Onike, Yaba, nítòsí yunifásítì tí ó ti kọ́ni.