Frank Gifford: Agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, àti ohun tí dókítà rí nínú ọpọlọ rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tó dàgbà láàárín 1971 sí 1997, ohùn Frank Gifford ni wọ́n mọ̀ mọ́ alẹ́ Mọ́ńdè. Ohùn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo. Ṣùgbọ́n kó tó di ẹni tó ń sọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ lórí tẹlifísàn, òun fúnra rẹ̀ ti gbá a débi tí ẹ̀mí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Nígbà tó kú lóṣù Kẹjọ ọdún 2015, ìdílé rẹ̀ gbà kí àwọn dókítà yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ mú káwọn èèyàn padà wo ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù tí à ń sọ yìí kì í ṣe irú ti Super Eagles o. Ti Amẹ́ríkà rí bí ẹyin, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jù ú, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá. Ẹni tó bá gbé e dání, àwọn ẹgbẹ́ kejì lẹ́tọ̀ọ́ láti fi gbogbo ara kọlù ú kó lè ṣubú. Àwọn kan wà lórí pápá tí iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n sá lọ síwájú, kí wọ́n sì gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù sí wọn láti ọ̀nà jíjìn. Receiver ni wọ́n ń pè wọ́n. Ibẹ̀ ni Gifford parí sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 1930 ni wọ́n bí i ní Santa Monica, ìpínlẹ̀ California. Iṣẹ́ epo rọ̀bì ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, ibi tí iṣẹ́ bá wà ni wọ́n ń kó lọ, torí náà ìlú tí ọmọ náà gbé nígbà èwe kò lóǹkà. Bakersfield ló ti lọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Lẹ́yìn tó jáde ní yunifásítì USC ní Los Angeles, ẹgbẹ́ New York Giants mú un ní 1952. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo yẹn náà ló gbá bọ́ọ̀lù fún títí tó fi fẹ̀yìn tì.

Láyé ìgbà yẹn, ibi tí kóòṣì bá ní kó dúró ló ń dúró. Ó dènà, ó gbé bọ́ọ̀lù sá, ó ju bọ́ọ̀lù, ó gba bọ́ọ̀lù. Ìgbà 8 ni wọ́n pè é sí Pro Bowl, ìyẹn ìdíje àwọn ààyò agbábọ́ọ̀lù, ní ipò 3 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní 1956, òun ni wọ́n pè ní agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù nínú líìgì náà, Giants sì na Chicago Bears ní 47 sí 7 láti gba ife.

Èyí tó ń dùn ún jù ni ti 1958. Ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ni, ní Yankee Stadium, Giants àti Baltimore Colts. Bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ Gifford lẹ́ẹ̀mejì lápá àkọ́kọ́. Lápá kejì ó tún ara rẹ̀ ṣe, ó gba bọ́ọ̀lù kan tó fi Giants síwájú. Nígbà tí ìdíje ń lọ sópin, tí Giants ń lé wọn ní 17 sí 14, Gifford gbé bọ́ọ̀lù sá. Bó bá dé ìlà tí wọ́n ń wá, Giants á di bọ́ọ̀lù mú, ìṣẹ́jú á tán. Adájọ́ wọ̀n ọ́n, ó ní kò dé ibẹ̀. Baltimore dọ́gba, wọ́n sì borí ní 23 sí 17 nínú àfikún àkókò. Gifford kò gbà pé òun kò dé ìlà yẹn. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún tó ṣì kọ odidi ìwé nípa ìdíje yẹn.

Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tó burú ṣẹlẹ̀, lọ́jọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 1960, ní pápá kan náà. Gifford ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sí i láàárín pápá ni, ó ń sá lọ. Chuck Bednarik ti Philadelphia Eagles yọ lójijì, ó kọlù ú. Gifford ṣubú sẹ́yìn, orí rẹ̀ gbálẹ̀, bọ́ọ̀lù bọ́, kò sì mira mọ́. Akọ̀ròyìn kan ya fọ́tò Bednarik níbi tó ti ń ju ẹ̀ṣẹ́ sókè, tí Gifford nà gbalaja sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan bínú sí Bednarik, wọ́n ní ó ń yọ̀ lórí òkú. Òun ní bọ́ọ̀lù tó bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ òun lòun ń yọ̀ fún, òun ò mọ̀ pé ọkùnrin náà ti dákú. Gifford fúnra rẹ̀ kò bá a jà rí. Títí tó fi kú ló ń sọ pé ìkọlù náà bófin mu.

Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ní ọdún yẹn, kò sì gbá a rárá ní 1961. Iṣẹ́ rédíò àti tẹlifísàn ló gbájú mọ́. Gbogbo èèyàn rò pé ó ti parí. Àfi bó ṣe ní òun ń padà bọ̀ ní 1962! Wọ́n sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, wọ́n sọ ọ́ di receiver gidi, kí ìkọlù lè dín kù. Ọmọ ọdún 32 kọ́ ipò tuntun, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe débi pé wọ́n tún pè é sí Pro Bowl. Giants dé ìdíje àṣekágbá ní 1962 àti 1963, bí wọn ò tilẹ̀ rí ife gbé. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́yìn 1964, bọ́ọ̀lù 367 ló ti gbà, ó sì ti fi wọ́n rin yáàdì 5,434.

Ìpadàbọ̀ yìí ni wọ́n ń fi yìn ín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ohun tó ná an.

CBS ló kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́. Òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn 1967 ní Green Bay, tí òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn, tó fi ń ṣẹ̀fẹ̀ lórí afẹ́fẹ́ pé òun fẹ́ gé kọfí òun jẹ díẹ̀ sí i. Ní 1971, ABC mú un wọ Monday Night Football. Howard Cosell, lọ́yà tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, wà lápá kan. Don Meredith, agbábọ́ọ̀lù Dallas tẹ́lẹ̀ tó máa ń kọrin, wà lápá kejì. Gifford ló ń sọ ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù àti iye àmì ayò. Àwọn kan ń bú u pé ó máa ń ṣi orúkọ pè, pé kì í bá agbábọ́ọ̀lù kankan wí. Wọn ò parọ́ tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó ti gbohùngbohùn pẹ̀lú alásọjù méjì rí mọ̀ pé bí kò bá sí ẹni kẹta tó ń sọ iye àmì ayò, ètò á dàrú.

Ní Munich 1972, òun ló ń sọ àṣekágbá básíkẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù tí Soviet fi 51 sí 50 na Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n tún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tó kẹ́yìn gbá, táwọn ará Amẹ́ríkà sì kọ̀ láti gba fàdákà.

Lálẹ́ ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1980, ìdíje kan ń lọ sópin ní Miami nígbà tí ìròyìn dé etí wọn pé wọ́n ti yìnbọn pa John Lennon ti Beatles ní New York. Cosell ń ṣiyèméjì, kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí wọ́n pòwe òkú láàárín bọ́ọ̀lù. Gifford ló sọ fún un pé ìròyìn yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n lè dì mọ́nú. Cosell kéde rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn ṣe gbọ́.

Ọdún 1977 ló gba Emmy, ọdún yẹn náà ni wọ́n fi í sí Hall of Fame. Ní 1986, Al Michaels gba àga rẹ̀, Gifford sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti máa ṣàlàyé. Ọdún yẹn náà ló fẹ́ Kathie Lee, ìlúmọ̀ọ́ká tẹlifísàn tí wọ́n bí lọ́jọ́ 16 oṣù Kẹjọ bíi tirẹ̀. Ní 1997, ìwé ìròyìn kan tú àṣírí ìwà àgbèrè rẹ̀ síta, ọ̀rọ̀ ìtìjú gbáà. Lẹ́yìn sáà yẹn ni ABC yọ ọ́ kúrò níwájú gbohùngbohùn. Ìyàwó rẹ̀ kò fi í sílẹ̀.

Bednarik kú lóṣù Kẹta ọdún 2015. Gifford tẹ̀lé e lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹjọ, nílé rẹ̀ ní Greenwich, ó ku ọ̀sẹ̀ kan kó pé ọmọ ọdún 85. Lóṣù Kọkànlá ni ìdílé rẹ̀ kéde pé àwọn dókítà rí CTE nínú ọpọlọ rẹ̀, àrùn tí orí tó ń gbá nǹkan léraléra máa ń fà, tó ń jẹ ọpọlọ díẹ̀díẹ̀. Ìdílé náà ní àwọn ti ń rí àmì rẹ̀ lára rẹ̀ kó tó kú. Àwọn dókítà kò sọ pé ti Bednarik nìkan ló fà á. Ọdún 12 ló fi gbá bọ́ọ̀lù fún Giants, ká má tíì ka ti ilé ẹ̀kọ́.

Ọmọ Nàìjíríà ló kọ́kọ́ rí àrùn yìí nínú ọpọlọ agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kan. Dókítà Bennet Omalu, ọmọ Ìgbò tó kàwé ní Nsukka, ló rí i lára Mike Webster ní Pittsburgh ní 2002, tí líìgì náà sì ní kó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Oṣù kan péré lẹ́yìn ìkéde ìdílé Gifford ni fíìmù Concussion jáde, tí Will Smith ṣe Omalu nínú rẹ̀.

Giants kò fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà 16 mọ́ láti ọdún 2000. Fọ́tò 1960 yẹn ṣì wà níta, wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́ jáde.