Pierre Fátúmbí Verger: òyìnbó tí ó di babaláwo ní Kétu

Ẹ̀yin ará Pobè àti Sakété, bí a ti ń ṣe ọdún ìbílẹ̀ wa yìí, ó yẹ kí á rántí òyìnbó kan tí ìwà rẹ̀ ya àwọn ará ilé rẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n tí àwọn àgbà agbègbè wa gbà bí ọmọ.

Ìlú Paris ni wọ́n ti bí Pierre Verger, ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 1902. Olówó ni ẹbí rẹ̀. Òun kò fẹ́ràn ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì lé e jáde kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí kankan. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní ọdún 1932, ó fi ayé olówó sílẹ̀, ó fi ẹ̀rọ ayàwòrán kọ́rùn, ó sì rin káàkiri ayé fún nǹkan bí ọdún 14.

Ní ọdún 1946 ó gúnlẹ̀ sí Bahia, ní ilẹ̀ Brasil. Ó bá àwọn àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa níbẹ̀, tí wọ́n ń bọ òrìṣà tí wọ́n sì ń pe ara wọn ní ti Kétu. Ó fẹ́ mọ orísun rẹ̀. Ní ọdún 1948, Ìyá Senhora fi ìlẹ̀kẹ̀ Ṣàngó sí i lọ́rùn, ilé ìwádìí IFAN ní Dakar sì ràn án lọ́wọ́ láti wá sí Dahomey. Ó dé Sakété, ó ya àwòrán àwọn oníṣàngó. Ní ọdún 1953, ní Kétu, wọ́n tẹ̀ ẹ́ nífá, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí: Ifá ti tún un bí. Ó ti pé ẹni 50 ọdún nígbà náà.

Láti ìgbà náà ó di dandan fún un láti kọ́ ewé àti òfọ̀. Ó ṣàkíyèsí pé orúkọ ewé sábà máa ń ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ewé náà ṣe nínú. Nínú àlùpàyídà, a ń gbọ́ pípa nǹkan dà. Ẹni tí ó bá gbàgbé orúkọ ewé ti sọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nù.

Ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí yìí gba oyè dókítà ní Sorbonne ní ọdún 1966, ó sì kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀. Síbẹ̀ ó jẹ́wọ́ pé làákàyè Faransé tí wọ́n fi tọ́ òun kò jẹ́ kí òrìṣà gun òun rí. Ilé kékeré ní àdúgbò mẹ̀kúnnù ló ń gbé ní Bahia títí ó fi kú ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1996, ní ẹni ọdún 93. Ó fi àwòrán tí ó ju 60,000 sílẹ̀.

Ìwé rẹ̀ lórí ewé jáde ní ọdún 1995, ní èdè Potogí àti Yorùbá. Ní Brasil, ọmọ ilé ìwé lè kà nípa ewé tí ó ń hù lẹ́yìnkùlé wa. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló lè dárúkọ ewé márùn-ún? Ẹ̀yin aláṣẹ ìlú, ẹ̀yin olùkọ́, àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàrin wa. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tọ̀ wọ́n lọ pẹ̀lú ìwé àti kálàmù, kí ilẹ̀ tó ṣú.