Michael Faraday, Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Ọjọ́ 22, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1791 ni a bí Michael Faraday ní ìhà gúúsù ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Alágbẹ̀dẹ ni James, bàbá rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí àgbẹ̀dẹ ti rí ní Ṣakí lè rò pé oúnjẹ kì í wọ́n ní irú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí àgbẹ̀ tí kì í wá ọkọ́ àti àdá. Ṣùgbọ́n àìsàn kì í jẹ́ kí James lè di òòlù mú bí ó ti yẹ, ebi sì mọ ilé wọn dáadáa. Ẹ̀kọ́ tí Michael kọ́ ní ilé-ìwé kò ju kí ó mọ̀ ọ́n kọ, kí ó mọ̀ ọ́n kà, kí ó sì lè ṣe ìṣirò díẹ̀.

Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, a fi í kọ́ iṣẹ́ ìwé dídì lọ́dọ̀ George Riebau. Ọdún méje gbáko ni ó fi kọ́ iṣẹ́ náà, ó sì ń ka àwọn ìwé tí ó ń dì. Inú ọ̀kan nínú wọn ni ó ti ka nǹkan nípa iná mànàmáná. Ní ọdún 1812, oníbàárà ọ̀gá rẹ̀ kan fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ gbọ́ àlàyé Humphry Davy, àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ní Royal Institution. Michael kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í ní ìwé, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Davy. Ní oṣù kẹta ọdún 1813, ó di olùrànlọ́wọ́ ní yàrá ìwádìí níbẹ̀. Ìyà kò tíì tán o. Nígbà tí ó bá Davy rin ìrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ Faransé àti Ítálì, ìyàwó Davy sọ ọ́ di ọmọ-ọ̀dọ̀.

Ní ọdún 1820, Oersted, ará Denmark, rí i pé bí iná mànàmáná bá ń gba inú wáyà kọjá, abẹ́rẹ́ òòfà tí ó wà nítòsí yóò yí. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Faraday fi wáyà kọ́ sókè, ó jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kan mẹ́kúrì inú ife kan tí òòfà dúró sí láàárín. Bí ó ti so ó mọ́ bátìrì, wáyà náà bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì yí òòfà ká. Ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀rọ tí iná mànàmáná ń yí nìyí, títí kan fáànù. Ṣùgbọ́n ó tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ láìdárúkọ Wollaston, àgbà kan tí ó ti ń ronú sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá ń pè é ní olè. Lójú tèmi, ìkánjú ni ẹ̀bi rẹ̀, kì í ṣe olè. Èyí tí ó dùn ún jù ni pé Davy, ọ̀gá rẹ̀, ta kò ó ní ọdún 1824 nígbà tí wọ́n fẹ́ fi í jẹ ọmọ ẹgbẹ́ Royal Society. Wọ́n kúkú yàn án.

Ọdún 1831 ni òkìkí rẹ̀ kàn. Ó wé wáyà bàbà mọ́ òrùka irin ní ọ̀nà méjì, bí ahunṣọ Ìsẹ́yìn ti ń ká òwú. Nígbà tí ó so apá kan mọ́ bátìrì, abẹ́rẹ́ tí ó wà ní apá kejì mira lẹ́ẹ̀kan, ó sì dúró. Ó tún rí i pé bí òun bá ti òòfà wọ inú wáyà tí a ká, iná yóò sáré nínú rẹ̀. Bí òòfà bá dúró jẹ́ẹ́, kò sí nǹkan kan. Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹwàá, ó yí àwo bàbà láàárín òòfà ńlá, iná sì ń jáde láìdáwọ́ dúró. Ẹni tí ó ti gun kẹ̀kẹ́ oní-dínámò láti Ìsẹ́yìn lọ sí Òkèhò lóru mọ̀ ọ́n: bí ẹsẹ̀ bá ti dúró, iná kú.

Ní ọdún 1832, Pixii ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí a ń fi ọwọ́ yí ní Paris. Nígbà tí ó di 1858, ẹ̀rọ ńlá tí ó ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń tan iná fún àwọn ọkọ̀ ojú omi ní South Foreland. Faraday fúnra rẹ̀ lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n fẹ́ fi í jẹ oyè, ó kọ̀. Wọ́n fẹ́ fi í ṣe ààrẹ Royal Society, ó tún kọ̀.

Ó kú ní ọjọ́ 25, oṣù kẹjọ, ọdún 1867, wọ́n sì sin ín sí Highgate. Iná mànàmáná dé Èkó ní ọdún 1896. Ní 1968, omi odò Ọya bẹ̀rẹ̀ sí í yí òòfà ní Kainji.