Josiah Jesse Ransome-Kuti

Josiah Jesse Ransome-Kuti (1 Oṣù Kẹfà 1855 – 4 Oṣù Kẹsàn-án 1930) jẹ́ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà àti akọrin, ọmọ Ẹ̀gbá láti ìlú Abẹ́òkúta.

Kí ó tó gba oyè díákónì ní 1895 àti oyè àlùfáà ní 1897, ó ti kọ́ àwọn ọmọbìnrin lórin ní ilé-ẹ̀kọ́ CMS nílùú Èkó. Ní àkókò náà, orin ìsìn tí a túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ìjọ ń kọ, ohùn òyìnbó ni wọ́n sì fi ń kọ wọ́n. Èyí a máa yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà, nítorí ohùn ni Yorùbá fi ń mọ ọ̀rọ̀ kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ransome-Kuti gba ọ̀nà mìíràn: ó fi ohùn orin ìbílẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ ìyìn jáde, ó sì ń kọ ọ́ bí ó ti ń wàásù kiri. Orin rẹ̀ fa àwọn tí kì í ṣe onígbàgbọ́ mọ́ra.

Ní 1922, ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ilé-iṣẹ́ Zonophone ti gba orin rẹ̀ 43 sílẹ̀ sínú àwo, òun ń kọrin, dùùrù ń gbè é. Ó wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó kọ́kọ́ ṣe àwo orin.

Israel Oludotun Ransome-Kuti ni ọmọ rẹ̀. Fẹlá Aníkúlápó Kuti sì ni ọmọ-ọmọ rẹ̀.