Ibn al-Haytham, Mùsùlùmí Tí Ó Wádìí Ìmọ́lẹ̀

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ẹni tí ó bá sọ fún yín pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kì í ṣe ti Mùsùlùmí, ẹ sọ ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí fún un.

Ìlú Basra ní ilẹ̀ Ìráàkì ni a ti bí Ibn al-Haytham ní nǹkan bí ọdún 965. Ìtàn sọ pé ó ṣèlérí fún al-Hakim, ọba Káírò, pé òun yóò káwọ́ odò Náílì. Nígbà tí kò ṣeé ṣe, ó díbọ́n bíi wèrè nítorí ìbẹ̀rù ọba, wọ́n sì sé e mọ́lé títí ọba fi kú ní 1021.

Àwọn ọ̀mọ̀wé Gíríìkì kan ti sọ pé ojú ni ó ń tan ìtànṣán jáde kí ó tó ríran. Òun kò gbà bẹ́ẹ̀ láìwádìí. Ó to fìtílà sí iwájú ihò kan tí ó wọ yàrá òkùnkùn. Iye fìtílà ni iye ìmọ́lẹ̀ tí ó hàn lára ògiri. Bí ó bá bo ọ̀kan, tirẹ̀ nìkan ni í pòórá. Ó kọ ọ́ sínú Kitab al-Manazir pé ìmọ́lẹ̀ láti ara nǹkan ni ó ń wọ ojú wa, àti pé bí ìmọ́lẹ̀ bá yàtọ̀, àwọ̀ a yàtọ̀ lójú.

Ẹ̀yin aláṣọ mọ èyí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí oníbàárà gbé aṣọ síta wò kí ó tó sanwó.

Ó kú ní nǹkan bí 1040. Ní 1572, wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ ní èdè Látìnì ní Basel. Ẹ rán ọmọ yín lọ sí ilé kéú àti ilé ìwé pọ̀. Kí Ọlọ́run fi kún ìmọ̀ wa. Àmín.