Ta ni Claude Bourgelat, agẹṣin tó sọ ìtọ́jú ẹṣin di ẹ̀kọ́ ilé ìwé gíga?

Ọ̀dọ́ tó ń gbé ní Gonzagueville, ní agbègbè Port-Bouët létí òkun Abidjan, lè wà lójú ọ̀nà Grand-Bassam láti àárọ̀ títí di alẹ́ láì rí ẹṣin kan ṣoṣo. Ọkọ̀ ni yóò máa rí.

Síbẹ̀, tí ọ̀dọ́ náà bá fẹ́ fi ìtọ́jú ẹṣin ṣe iṣẹ́ òòjọ́, ọ̀nà wà. Lẹ́yìn ìdánwò baccalauréat, ó lè wá àyè sí ilé ìwé ìṣègùn ẹranko tó wà nílùú Dakar, lórílẹ̀-èdè Senegal. Ọdún 1968 ni wọ́n dá ilé ìwé náà sílẹ̀, Côte d'Ivoire, Benin àti Togo sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ni ín lápapọ̀.

Ní nǹkan bíi 260 ọdún sẹ́yìn, kò sí irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹni tó kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ kì í ṣe dókítà. Agẹṣin ni, Claude Bourgelat sì ni orúkọ rẹ̀.

Ìgbà tí alágbẹ̀dẹ jẹ́ dókítà ẹṣin

Ọjọ́ 27, oṣù Kẹta, ọdún 1712 ni wọ́n bí Bourgelat nílùú Lyon, ní ilẹ̀ Faransé. Ọmọ ọdún 28 ni nígbà tó di olórí ilé ẹ̀kọ́ ìgẹṣin ìlú náà, níbi tí àwọn ọmọ ọlọ́lá ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun ẹṣin.

Láyé ìgbà náà, ẹṣin ló ń fa ẹrù, òun ló ń gbé lẹ́tà kiri, òun náà ló ń gbé ọmọ ogun lọ sójú ìjà. Àmọ́ tí ara ẹṣin ò bá yá, alágbẹ̀dẹ tó ń kan irin mọ́ pátákò rẹ̀ ni wọ́n máa ń sáré pè.

Ohun tí bàbá alágbẹ̀dẹ fi kọ́ ọ ló mọ̀. Àwọn kan mọ iṣẹ́ náà dáadáa, àwọn mìíràn kàn ń dánrawò lára ẹṣin ẹlẹ́ṣin ni. Ẹni tó ni ẹṣin ò sì ní ọ̀nà tó lè fi mọ ìyàtọ̀ wọn.

Èyí ni kò tẹ́ Bourgelat lọ́rùn. Ó tọ àwọn oníṣẹ́ abẹ ìlú Lyon lọ, ó bá wọn la òkú ẹṣin kó lè mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Láàrin ọdún 1750 sí 1753, ó gbé ìwé apá mẹ́ta jáde lórí ìṣègùn ẹṣin. Ó tún kọ ọ̀pọ̀ àròkọ sínú Encyclopédie, ìwé ìmọ̀ ńlá tí Diderot àti d'Alembert ṣe olótùú rẹ̀.

Báwo ni ilé ìwé náà ṣe bẹ̀rẹ̀?

Bourgelat ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Henri Bertin, tó ti fìgbà kan ṣojú ọba ní Lyon kó tó di mínísítà ètò ìnáwó. Lásìkò yìí, àrùn rinderpest ń pa màlúù nípakúpa káàkiri Yúróòpù, ìjọba sì ń wá ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, oṣù Kẹjọ, ọdún 1761, ìgbìmọ̀ ọba fọwọ́ sí i pé kí Bourgelat dá ilé ìwé sílẹ̀. Wọ́n fún un ní owó livre 50,000 láti ná fún ọdún mẹ́fà.

Inú ilé èrò àtijọ́ kan ládùúgbò La Guillotière, ní Lyon, ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1762. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ nípa egungun àti ẹran ara ẹṣin, wọ́n ń kọ́ ewé àti egbòogi, wọ́n sì tún ń rọ irin nínú àgbẹ̀dẹ. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n rán wọn lọ sí abúlé tí àrùn ti ń pa ẹran ọ̀sìn, iṣẹ́ wọn sì wú ìjọba lórí. Lọ́dún 1764, ọba sọ ọ́ di Ilé Ìwé Ọba.

Ilé ìwé kejì bẹ̀rẹ̀ ní Alfort, nítòsí Paris, lọ́dún 1766. Níbẹ̀ ni olùkọ́ rẹ̀ Honoré Fragonard ti fi òkú ẹṣin àti ti ènìyàn tí wọ́n bó awọ rẹ̀ ṣe ère ẹlẹ́ṣin kan, tó ṣì wà nínú ilé àkójọpọ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀ dòní. Àmọ́ àárín àwọn méjèèjì dàrú, Bourgelat sì lé Fragonard kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún 1771.

Lọ́dún 1777, Bourgelat gbé ìlànà ilé ìwé náà jáde. Ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe gbówó gọbọi lórí ìmọ̀ tí owó ọba fi kọ́ wọn, kí wọ́n sì mọ ìyàtọ̀ láàrin olówó àti tálákà.

Ẹṣin tó tako òfin Bourgelat

Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Peter Abildgaard wá láti Denmark kẹ́kọ̀ọ́ ní Lyon, ó sì dá ilé ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ ní Copenhagen lọ́dún 1773. Peter Hernquist ṣe bẹ́ẹ̀ ní Skara, ní Sweden, lọ́dún 1775.

Ọjọ́ kẹta, oṣù Kìíní, ọdún 1779 ni Bourgelat jáde láyé. Àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò tíì parí.

Nígbà ayé rẹ̀, ó ti ṣe òṣùwọ̀n kan tó fi ń mọ ẹṣin tó dára. Gígùn orí ẹṣin ló fi ń wọn gbogbo ara tó kù. Lọ́dún 1789, Eclipse, ẹṣin eré ìje ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sáré ní ìgbà 18 tí ẹnikẹ́ni ò lè borí rẹ̀, kú. Charles Vial de Saint-Bel, tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Lyon, la òkú rẹ̀, ó sì fi òṣùwọ̀n ọ̀gá rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Kò bá a mu. Ẹṣin tó yára jù lọ lásìkò rẹ̀ ò rí bí ìwé ṣe ní kó rí.

Vial de Saint-Bel ò fi èyí pamọ́, ó kọ ọ́ síwèé. Òun náà ni ọ̀jọ̀gbọ́n àkọ́kọ́ ní ilé ìwé ìṣègùn ẹranko tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London lọ́dún 1791.

Àṣìṣe bàbá alágbẹ̀dẹ lè di ogún ọmọ, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀. Ní ilé ìwé tí Bourgelat dá sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lè wọn ọ̀rọ̀ olùkọ́ wò, kó sì tún un ṣe.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Lọ́dún 2011, 250 ọdún lẹ́yìn tí ọba fọwọ́ sí ilé ìwé Lyon, àjọ FAO kéde pé rinderpest ti kásẹ̀ nílẹ̀ láyé.

Lónìí, ẹni tó bá wo àwọn ẹṣin tí àwọn ìdílé Balógun ń gùn níbi Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú Òde yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ẹṣin ò tíì tán nílẹ̀ Yorùbá. Ilé ìwé ìṣègùn ẹranko wà ní Fásitì Ìbàdàn fún ẹni tó wà nítòsí, Dakar sì wà fún ọmọ Gonzagueville.

Kò pọn dandan kí bàbá ọmọ náà jẹ́ alágbẹ̀dẹ, tàbí kó ní ẹṣin kankan.