Ọmọ Oníṣòwò Aṣọ àti Ibùjẹ Ẹran

Ọdún Kérésìmesì tún fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ẹni tí ó bá la ọjà Owódé kọjá ní Ọ̀fà ní àkókò yìí yóò rí àmì rẹ̀: aṣọ ọmọdé tí a so kọ́ níwájú ìsọ̀, bàtà tuntun, àti apẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn tí a fi ọ̀rá dídán wé, tí a sì fi rìbọ́ọ̀nù dì lórí. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ọjà rírà, àwọn ìyá wa tí ń tajà náà sì ní ọmọ tí wọn ń bọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá ń bi ara wọn lóru: owó wo ni a ó fi ṣe ọdún yìí? Àwọn kan a yá owó, àwọn mìíràn a rajà ní àwìn, àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ a sì ná owó tí wọn ìbá fi san owó iléèwé ọmọ ní oṣù kìn-ín-ní. Ọdún a lọ, gbèsè a kù nílé.

Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín lónìí. Inú ìsọ̀ aṣọ ni a ti tọ́ ọ dàgbà, nítorí náà ó mọ iye tí ohun gbogbo ń tà. Síbẹ̀, ọdún Kérésìmesì kan tí òun ṣe láìná owó púpọ̀ ni ayé kò tíì gbàgbé lẹ́yìn 800 ọdún. Òun ni Fransísì Mímọ́ ti Assisi.

Ní ọdún 1181 tàbí 1182 ni a bí i ní ìlú Assisi, ní ilẹ̀ Ítálì. Pietro di Bernardone, bàbá rẹ̀, jẹ́ oníṣòwò aṣọ pàtàkì, tí ọjà rẹ̀ máa ń gbé e dé ilẹ̀ Faransé. Ẹ̀yin ará Ọ̀fà kò ní ṣàìmọ irú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí ìlú oníṣòwò ni ìlú yín, pàápàá láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20. Fransísì mọ aṣọ í tà, ó sì mọ owó í ná. Òun ni olórí àríyá láàárín àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Aṣọ tí ó dára jù lọ ni ó ń wọ̀, àpò tirẹ̀ sì ni owó àsè ti sábà ń jáde. Gbogbo ìlú ń pè é ní ọ̀làwọ́. Ṣùgbọ́n owó bàbá rẹ̀ ni ó fi ń ṣe ọlá náà.

Ní ọdún 1202, ogun dé láàárín Assisi àti Perugia. A mú Fransísì lẹ́rú ogun, ó sì wà nínú ẹ̀wọ̀n fún bí ọdún kan. Nígbà tí a dá a sílẹ̀, àìsàn gbé e dè, ayé tí ó ń jẹ tẹ́lẹ̀ kò sì dùn mọ́ ọn mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tálákà àti àwọn adẹ́tẹ̀ kiri. Ní ọjọ́ kan, bí ó ti ń gbàdúrà níwájú àgbélébùú nínú ilé ìjọsìn San Damiano, tí ó ti di ahoro, ó gbọ́ nínú ọkàn rẹ̀ pé kí òun tún ilé Olúwa ṣe. Ẹ wo ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe: ó di aṣọ bàbá rẹ̀ lẹ́rù, ó gbé e lọ sí ìlú Foligno, ó tà á, ó ta ẹṣin tí ó gùn pẹ̀lú, ó sì gbé owó náà wá fún àlùfáà San Damiano. Àlùfáà náà kọ̀ ọ́, nítorí ó bẹ̀rù bàbá ọmọ náà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀bùn ńlá ni, inú rere ni ó sì fi mú un wá. Ṣùgbọ́n ọrẹ tí a fi ohun ẹlòmíràn ta kò tíì di ọrẹ wa. Bàbá rẹ̀ bínú, ó pè é lẹ́jọ́ níwájú Bíṣọ́ọ̀bù ìlú wọn ní ọdún 1206. Fransísì dá owó náà padà. Lẹ́yìn náà ó bọ́ gbogbo aṣọ ara rẹ̀, ó kó wọn lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, títí tí Bíṣọ́ọ̀bù fi ní láti fi aṣọ tirẹ̀ bò ó. Ọmọ oníṣòwò aṣọ dúró ní gbangba láìní aṣọ lọ́rùn.

Láti ọjọ́ náà lọ, ohun tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni ó ń fi tọrẹ. Ó padà sí San Damiano, ó ń tọrọ òkúta kiri ìlú, ó ń fi èjìká ara rẹ̀ rù wọ́n, ó sì tún ilé náà mọ. Àlùfáà tí ó kọ owó rẹ̀ kò kọ òógùn rẹ̀. Àwọn ọkùnrin mìíràn wá dara pọ̀ mọ́ ọn. Ní ọdún 1209, Pópù Innocent Kẹta fún wọn láyè láti máa gbé ìgbé ayé òṣì àti ìwàásù. Ní ọdún 1219, nígbà tí ogun gbóná ní Íjíbítì, Fransísì lọ bá Sultan al-Kamil sọ̀rọ̀. Musulumi ọba yìí gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó fẹ́ fi ẹ̀bùn olówó iyebíye dá a lọ́lá, Fransísì kò sì gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n àlàáfíà ni wọ́n fi pínyà.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1223, Fransísì wà ní Greccio, abúlé kékeré kan ní orí òkè. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ọdún tó pé, ó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ń jẹ́ Giovanni, ìjòyè ibẹ̀. Kò béèrè wúrà, kò béèrè aṣọ àrán. Ibùjẹ ẹran ni ó béèrè, pẹ̀lú koríko gbígbẹ, akọ màlúù kan àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan, nítorí ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ìnira tí Ọmọ Jòjòló Bẹ́tílẹ́hẹ́mù bá pàdé. Ohun tí àgbẹ̀ abúlé ní nílé ni gbogbo rẹ̀. Ní òru ọdún, àwọn ará ibẹ̀ tan àbẹ́là àti ògùṣọ̀, wọ́n gun òkè lọ síbẹ̀. A ṣe Mísà lórí ibùjẹ ẹran náà. Fransísì, tí ó jẹ́ díákónì, kọ Ìhìnrere lórin, ó sì wàásù fún wọn. Kò sí ẹni tí ó dúró sẹ́yìn nítorí àìlówó, nítorí kò sí ohun tí a ní láti rà kí a tó lè wọlé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Fransísì kórìíra ọdún o. Nígbà tí Kérésìmesì bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, tí arákùnrin kan sì rò pé kí wọn má jẹ ẹran, Fransísì bá a wí. Ó ní bí ògiri bá lè jẹ ẹran ní ọjọ́ náà, kí a fún un jẹ. Ó fẹ́ kí àwọn ọlọ́rọ̀ bọ́ àwọn tálákà yó, kí a fi kún oúnjẹ màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kí a sì da ọkà sí ojú ọ̀nà fún àwọn ẹyẹ. Ọdún tí ó ń wá ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní fi ebi ṣe.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1226 ni Fransísì kú. Kò tíì pé ọdún méjì tí Pópù Gregory Kẹsàn-án fi kà á mọ́ àwọn Ẹni Mímọ́, ní ọdún 1228.

Àṣà ibùjẹ ẹran tí ó sọ di olókìkí tàn káàkiri, ó sì dé ilẹ̀ tiwa. Ní ọdún 1947, àwọn Fàdá ẹgbẹ́ SMA, Kevin Carroll àti Sean O'Mahony, dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ibẹ̀ ni George Bándélé, ọmọ Aréògún, gbajúgbajà agbẹ́gilére ará Ọ̀sì, ní ilẹ̀ tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, ti gbẹ́ ère ìbí Jésù. Àwọn amòye tí ó gbẹ́ dàbí ọba Yorùbá tí ń gbé ọrẹ bọ̀. A kò kó ère náà ti òkè òkun wá. Igi ilẹ̀ wa ni, ọmọ ilẹ̀ wa ni ó sì gbẹ́ ẹ.

Àwọn ọmọdé wa pàápàá kò ṣàìní irú ọgbọ́n yìí. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ni wọ́n ti máa ń fi imọ̀ ọ̀pẹ kọ́ àtíbàbà Kérésìmesì, tí wọn ó jókòó sí abẹ́ rẹ̀, tí wọn ó máa kọrin. Àwọn ìyá wọn a bu oúnjẹ sí abọ́, wọn a da aṣọ bò ó, wọn a ní kí ọmọ gbé e dé ilé aládùúgbò, ìbáà ṣe onígbàgbọ́, ìbáà ṣe Musulumi tí ó ti bu ẹran Iléyá fún wọn rí. Àdínkù kò bá iyì ọdún rárá nítorí pé ìrẹsì inú abọ́ náà kò pọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí ó bá ní owó, kí ó rajà, kí ó sì rántí ilé tí iná kò jó nínú àdògán rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní, kí ó má ṣe yáwó ra ohun tí yóò fi tọrẹ. Ọ̀dùnkún tí ẹ wú ní oko yín, àkàrà tí ẹ fi ọwọ́ ara yín dín, wákàtí kan tí ẹ fi jókòó ti arúgbó tí kò ní ọmọ nítòsí: ẹ̀bùn ni gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tí yóò wá sin yín ní owó wọn nígbà tí oṣù kìn-ín-ní bá dé.